Àwọn Aláìlẹ́sẹ̀ Inú Ìgò Kejìlélógójì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Katakata ti dé sí ilẹ̀ iyanrìn ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bíríkì. Mo rí i láti ojú títì, ó dúró gbagidi bí ẹni tó ra ilẹ̀. Wọ́n ní tó bá fi máa di ìparí oṣù yìí, gbogbo ibẹ̀ á ti tẹ́jú, wọ́n á kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo ní, tí òjò ò bá jẹ lára rẹ̀.

Mo wúlẹ̀ láti aago méje títí aago mọ́kànlá. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ti ń bú ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́, ni mo bá rí aláǹgbá aláìlẹ́sẹ̀ kan lábẹ́ ewé gbígbẹ ní ìdí igi kẹta. Mo rọra yí i padà. Abẹ́ ikùn rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Mo jókòó sínú iyanrìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.

Láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìmọ̀ ẹranko ti sọ ọ́. Wọ́n ní aláǹgbá aláìlẹ́sẹ̀ inú iyanrìn yìí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lókè odò, tó nikùn eérú. Wọ́n ní ẹ̀yà tuntun ni, tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ lórúkọ. Àwọn ènìyàn fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹfà

Mo gbé e lọ fún Bàbá nínú ike kékeré. Ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, dókítà sì ti ní ọkàn wọn ò lágbára mọ́. Ọmọbìnrin wọn, tó ń ránṣọ ní pálọ̀, pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi etí sílẹ̀.

“Kíákíá, ìwọ nìyẹn?” Orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́.

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ tẹ́wọ́.”

Wọ́n tẹ́wọ́. Ẹranko náà lọ́ mọ́ ìka wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ihò etí rẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó pọ́n bíi pupa ẹyin.”

“Ṣé kì í ṣe pé o kàn fẹ́ mú inú mi dùn?”

“Bàbá, ṣé mo ti parọ́ àwọ̀ fún yín rí?”

“Rárá. O máa ń kánjú, ṣùgbọ́n o kì í parọ́.”

Wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé tó wá láti ìlú míì ṣí ìgò sípírítì tí Bàbá kó àwọn aláǹgbá náà sí, tó ka ìpẹ́ ara wọn, tó ní iye rẹ̀ ò bá ohun tí Bàbá kọ mu, gbogbo wa rò pé Bàbá á bá a jà. Wọn ò bá a jà. Ìgbà mẹ́rìnlá ni wọ́n tún un kà lẹ́yìn tó lọ. “Ohun tó rí náà ni mo rí. Mo wá gbà pé ojú mi ló ń tàn mí. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń tàn án, kí ló tún ń ṣe nídìí iṣẹ́ yìí?”

Mo ní tí mo bá ti kọ ọ́ tán, orúkọ wọn ni màá fi sọ ọ́. Ọmọ wọn bú sẹ́rìn-ín. “Orúkọ Bàbá lára aláǹgbá?”

“Ó sàn ju ara òkúta ibojì lọ,” ni Bàbá dá a lóhùn. Wọ́n ní kó fún mi ní mínírà. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹfà

Òjò. Mi ò wúlẹ̀. Mo fọ bàtà mi.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹfà

Awakọ̀ katakata sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. “Mọ́mì, ejò lẹ ń wá kiri láàárọ̀ yìí?”

Mo na èyí tó wà lọ́wọ́ mi sí i, mo ní kó tẹjú mọ́ ọn. Ó wò ó, ẹranko náà ṣẹ́jú. Mo ní, “Ejò kì í ṣẹ́jú, kò ní ìpéǹpéjú. Aláǹgbá ni, kò kàn lẹ́sẹ̀ ni.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dúró kí ẹranko náà tún ṣẹ́jú, ẹranko náà sì tún ṣẹ́jú. Ọkùnrin náà ní, “Ó ń wò mí.” Lẹ́yìn náà ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀hún ẹ̀bá ògiri, kí n lè rí ọjọ́ díẹ̀ sí i níbi ìdí igi. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Ó kàn gun ẹ̀rọ rẹ̀ lọ ni.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹfà

Aláǹgbá mọ́kànlá ti pé. Mo ka ìlà ìpẹ́ tó yí àárín ara wọn ká lábẹ́ awò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta: méjìlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí èyí tí kò pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tòkè odò kì í kọjá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ohun tí Bàbá kọ gan-an nìyí, kò yẹ̀ ní ẹyọ kan.

Mo ti yan èyí tó máa jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹyọ kan ṣoṣo tí gbogbo ayé á máa tọ́ka sí tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀yà yìí. Obìnrin ni, ìrù rẹ̀ pé. Mo gé díẹ̀ lára ẹran gbogbo wọn ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò.

Ọrùn mi ti gan. Ọkọ mi ní mo ti ń rìn bíi tòlótòló.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹfà

Mo sọ ìgò kejìlélógójì kalẹ̀ láti fi wé tuntun. Ìgò tó lé Bàbá kúrò níṣẹ́ ni. Sípírítì ti jẹ gbogbo àwọ̀ wọn, gbogbo wọn funfun bí okùn bàtà tó pẹ́ nínú omi, kò sẹ́ni tó lè fi ikùn mọ̀ wọ́n mọ́. Ìpẹ́ nìkan ló kù tó lè sọ̀rọ̀.

Ogún ni wọ́n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Méjìlélọ́gbọ̀n. Méjìlélọ́gbọ̀n. Márùndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, kò sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò sí ọgbọ̀n. Ọ̀mọ̀wé yẹn sáré wo èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, ó ní ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn. Kò wo àárín. Ẹ̀yà méjì ló wà nínú ìgò kan. Ẹnì kan ló dà wọ́n pọ̀.

Inú bí mi sí Bàbá. Mo sọ ọ́ síta nínú yàrá ìgò lémi nìkan: “Bàbá, báwo lẹ ṣe lè ṣe irú èyí?”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà

Mò ń wá irú sípírítì tí a lò láyé ìgbà yẹn, nítorí yàrá àyẹ̀wò béèrè. Mo wá ìwé sípírítì àtijọ́ rí ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí a fi ń kọ iye tí a bù sí ìgò kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo ṣí i.

“Ìgò 41 sán. Kò sí ìgò míì. Mo da ohun inú rẹ̀ sí 42 títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ìkọ̀wé mi ni.

Mo ti gbàgbé pátápátá, àfi bí mo ṣe kà á tí gbogbo rẹ̀ ń padà wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́, àwọn tòkè odò ló sì wà nínú 41. Àwọn páálí kékeré tí wọ́n so mọ́ ọrùn àwọn ẹranko náà, òwú wọn ti jẹrà, wọ́n ń já. Mo kó wọn dànù. Mo ní kí ni a tún fẹ́ fi wọ́n ṣe nígbà tí àkọlé wà lára ìgò. Kọ́bọ́ọ̀dù méjì ni mo parí lọ́jọ́ yẹn. Bàbá pa àtẹ́wọ́ fún mi lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sọ mí ní Kíákíá.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ò dé. Ọ̀mọ̀wé ló dé.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹfà

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ara mi ò yá. Kì í ṣe irọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹfà

Mo sọ fún ọkọ mi níbi tó ti ń fá pákó. Káfíńtà kì í dá iṣẹ́ dúró tí ìyàwó bá ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó dá a dúró.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Ìwọ nìkan.”

“Ìwé yẹn ńkọ́?”

“Ó wà nínú báàgì mi.”

Ó gbọn èérún pákó kúrò lẹ́sẹ̀. “Ìwé lè jóná.”

“Ó lè jóná,” ni mo wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Ó tún gbé rándà rẹ̀, ó fá pákó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Lọ sọ fún wọn. O ò ní lè jẹun títí o fi máa sọ ọ́, èmi sì ni màá máa wo àwo oúnjẹ.”

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹfà

Katakata ti dé ìdí igi. Awakọ̀ fi ọ̀rá búrẹ́dì gbé ẹyọ kan wá fún mi kó tó tẹ ibẹ̀. Ó lóyún. Kí n tó dé ọ́fíìsì, ó ti bí méjì sínú ọ̀rá, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ikùn wọn ti pọ́n. Mo padà lọ tú ìyá àti ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn odi ilé iṣẹ́ bíríkì, níbi tí iyanrìn tó tó ìwọ̀n yàrá kan kù sí. Mi ò ní agbára láti fi irú ìyẹn sínú ìgò lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹfà

Mo ti sọ ọ́.

Mo kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo kọ́kọ́ sọ ti ìpẹ́, nítorí mo rò pé inú wọn á dùn. Inú wọn dùn. Wọ́n ní, “Mo mọ̀ pé ẹ̀yà méjì ni. Mo mọ̀.” Lẹ́yìn náà mo mú ìwé sípírítì jáde, mo ka ohun tí mo kọ síbẹ̀.

Wọ́n ní, “Tún un kà.”

Mo tún un kà.

“Tún un kà.”

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ojú wọn méjèèjì tí kò ríran mọ́. “Ojú mi dá ṣáká nígbà yẹn,” ni wọ́n wí. “Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi pe ojú mi ní òpùrọ́.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀.”

“Máa lọ. Má fi orúkọ mi sí i.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ti sọ ọ́.”

Ọmọ wọn sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje

Ilẹ̀ iyanrìn ti tẹ́jú pẹrẹsẹ. Igi mẹ́ta náà ò sí mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù keje

Èsì dé láti yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ti pínyà tipẹ́tipẹ́ kí ènìyàn tó dá ìlú sílẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ra kéèkì. Mo jẹ nínú rẹ̀, kò dùn lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù keje

Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní orúkọ Bàbá ló yẹ kí n fi sọ ọ́, gbogbo ènìyàn ló ń retí rẹ̀, kò sì sí òfin tó ní ká gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tá a fẹ́ fi sọ nǹkan.

Mo ní, “Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ìbínú ni.”

“Ẹ̀yin náà mọ Bàbá, mà. Ẹni tó bá bi wọ́n ní nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ariwo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gbogbo ìgò yàrá yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀.”

Ó ní kí n rò ó dáadáa, nítorí orúkọ tó bá ti jáde nínú ìwé, ó ti jáde nìyẹn. Bí àṣìṣe bá tiẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ó máa pè é títí ayé, ẹni tó sọ ọ́ gan-an ò lè yí i. Bí ẹni pé mi ò mọ̀. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ lófin yẹn.

Ohun tí mo ti gbà lọ́wọ́ Bàbá ti tó. Mi ò tún ní gba orúkọ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù keje

Ọkọ mi ní, “Padà lọ. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi àgbà tẹ̀ lé ọ.”

“O ò mọ Bàbá.”

“Mo mọ bí àgbà ṣe ń bínú.”

Mo múra. Mo dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ méjì dé, wọ́n lọ. Ojú ń tì mí, ojú ń tì mí gidi. Mo ra òrombó, mo padà sílé. Mo sọ fún un pé Bàbá ń sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù kẹjọ

Mo kọ gbólóhùn kan sí ojú ewé kẹta ìwé tí mò ń kọ nípa ẹ̀yà náà: pé ẹni tó kọ ìwé yìí ló da ohun inú ìgò méjì pọ̀, pé kíkà tí Bàbá kọ́kọ́ kà tọ̀nà látòkèdélẹ̀. Mo kọ orúkọ wọn síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn, òtítọ́ ni.

Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́. “Ta ló bi ọ́? Wọ́n á ní ibi iṣẹ́ wa ò lètò.” Mo ní kò lètò lọ́jọ́ yẹn. A bá ara wa fa ọ̀rọ̀ títí tíì rẹ̀ fi tutù. Kò yọ ọ́. Láti ìgbà tí oṣù kẹfà ti parí, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo sùn dáadáa nìyí.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù kẹjọ

Olóòtú tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde fi ìwé náà ránṣẹ́ fún àkàkẹ́yìn. Mo ti sọ ọ́ ní onípupa ẹyin, ní Látìn bí òfin ṣe wí. Ó béèrè ní ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ṣé orúkọ yìí ni. Mo gbé bírò, mo gbé e kalẹ̀, mo lọ bu omi mu, mo padà wá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹsàn-án

Ó jáde. Ojú ewé méjìdínlógún. Àwòrán ẹlẹ́rìí náà dára gan-an. Mo fi ẹ̀dà kan sínú àpò ìwé fún Bàbá. Màá mú un lọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹsàn-án

Bàbá kú láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá ni ọmọ wọn pè, kò pe èmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹsàn-án

Mo mú ìwé náà lọ. Pálọ̀ kún nígbà tí mo dé, mo dúró ní ìta títí àwọn tó wá kí ọmọ wọn fi lọ tán. Ó wọṣọ dúdú tó dà bíi pé fúnra rẹ̀ ló rán an, ìránṣọ rẹ̀ ò yẹ̀. Mo kí i, mo sunkún, òun náà sunkún. Mo gbé ìwé fún un.

Ó ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà. “Orúkọ wọn dà, Àǹtí?”

Mo fi ojú ewé kẹta hàn án.

“Mo ti rí ìyẹn. Orúkọ aláǹgbá fúnra rẹ̀ ni mò ń béèrè.”

“Wọ́n ní kí n má fi tiwọn sí i. Ìwọ náà wà níbẹ̀.”

“Mo wà níbẹ̀.” Ó pa ìwé dé. “Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìgbà mélòó lẹ tún wá bẹ̀ wọ́n?”

Mo ní mi ò tún wá. Mo ní Bàbá kì í fẹ́ kí ènìyàn béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

“Níbi iṣẹ́ nìyẹn,” ó ní. Kò gbóhùn sókè rárá, ì bá sàn ká ní ó gbé e. “Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n wọ ẹ̀wù fún wọn, kí n gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, ‘Kíákíá ń bọ̀ wá bẹ̀ mí lónìí. Màá kọ́kọ́ jẹ́ kó làágùn, lẹ́yìn náà màá gbà.’ Gbogbo Sátidé, Àǹtí. Tí mo bá ní kí wọ́n wọlé, wọ́n á ní bóyá ẹ ò tètè rí ọkọ̀ ni. Sátidé tó kọjá, wọn ò lè dìde mọ́, síbẹ̀ wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.”

Mo wo ẹnu ọ̀nà.

“Ṣé wọn ò lè tún un kọ ni?” ó béèrè. “Kí wọ́n yọ èyí, kí wọ́n fi ti Bàbá sí i?”

“Rárá. Tó bá ti jáde, kò sẹ́ni tó lè yí i.”

“Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́ lórúkọ ńkọ́?”

“Èmi náà ò lè yí i.”

Ó mi orí, ó nu ojú. Ó fa àga náà wá láti ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n jókòó, kí n jẹ́ kí òun bu omi fún mi. Mi ò lè jókòó sórí àga yẹn. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi bu omi dé, mo sì mu ún lórí ìdúró.